Kí Ọlọ́sìn Gbin Oúnjẹ Ẹran Rẹ̀ Láàárín Igi

Ẹni tí ó bá rìn ní kùtùkùtù òwúrọ̀ láti Ìdí-Àràbà lọ sí àárín ìlú Muṣin yóò rí i pé àwọn ewúrẹ́ ti ṣáájú ènìyàn dé ìgboro. Olówó wọn ti tú okùn lọ́rùn wọn, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn sóde, nítorí kò ní ohun kan nílé tí yóò fi bọ́ wọn. Orí ààtàn ni wọ́n ń lọ. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí wọ́n bá rí i; bí wọn kò bá sì rí i, wọn yóò jẹ bébà, wọn yóò sì jẹ ọ̀rá tí oúnjẹ ti kàn lára. Ọ̀rá kì í dà nínú ikùn ẹran. Ṣe ni yóò máa kó jọ sínú àpòlúkù títí yóò fi di òṣùṣù kan, ẹran náà yóò sì máa rù bí ẹni pé a ṣépè fún un, títí yóò fi kú. Àwọn alápatà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí àwọn ni wọ́n ń la ṣàkì tí wọ́n sì ń bá ọ̀rá nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀pọ̀ opó àti ìyá arúgbó wà ní àdúgbò wọ̀nyí tí ó jẹ́ pé ewúrẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni gbogbo owó tí wọ́n fi pamọ́. Òun ni wọn yóò tà nígbà tí a bá lé ọmọ-ọmọ wọn wá sílé nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́. Òun ni wọn yóò tà nígbà tí àìsàn bá dé. Bí ewúrẹ́ náà bá kú nítorí ohun tí ó jẹ lórí ààtàn, tàbí tí ọkọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ pa ní títì, owó náà lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò san án padà. Nítorí náà ìbéèrè tí ó wà níwájú ọlọ́sìn kì í ṣe bí yóò ti ra ẹran sí i, bí kò ṣe ohun tí èyí tí ó ti ní yóò máa jẹ. Ẹni tí ó ń sin ẹran tí kò sì gbin oúnjẹ fún un, tẹ́tẹ́ ni ó ń ta.

Ìjọba pẹ̀lú ti sọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn Gómìnà ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù Nàìjíríà pàdé ní Asaba, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí a dẹ́kun dída màlúù jẹko káàkiri. Ní ọjọ́ 20 Oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Gómìnà Babajídé Sanwó-Olú fi ọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin náà dára, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn púpọ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n òfin kò lè mú koríko hù. Bí a bá sọ fún ẹran pé kí ó dúró sójú kan, ó di dandan kí oúnjẹ wá bá a níbi tí ó dúró sí. Bí oúnjẹ kò bá sì wá, ẹran yóò rìn, ìbáà jẹ́ òfin mẹ́wàá ni a ṣe. Ohun tí ó kan màlúù nínú pápá ni ó kan ewúrẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé Muṣin.

Ilẹ̀ tí a lè sọ di pápá koríko kò sí mọ́ ní Yaba, Sùúrùlérè àti Muṣin, ẹni tí ó bá sì ń wá a ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni. Ohun tí ó wà ni etí ọgbà, ẹ̀bá odi, ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, àyíká ilé ìjọsìn, àti àwọn ibi tóóró tí ẹnikẹ́ni kò lò. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ó pé jù lọ ni kí a gbin igi tí ewé rẹ̀ ṣe é jẹ fún ẹran ní ìlà-ìlà, kí a sì gbin koríko àti ìtàkùn tí ń so bí ẹ̀wà sí àárín ìlà wọn. Igi yóò máa fún ẹran ní oúnjẹ láti òkè, koríko yóò máa fún un láti ìsàlẹ̀, ilẹ̀ kan náà ni méjèèjì yóò sì máa gbé.

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Kí a tó bí àwọn tí ń ka ìwé yìí ni àwọn baba ti ń fi igi ìyeyè ṣe ọgbà, tí wọ́n sì ń rán ọmọdé lọ ṣẹ́ ewé rẹ̀ wá fún ewúrẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀dán tí ó wà lójúde fún ènìyàn ní òjìji, ó sì fún àgbò orí okùn ní oúnjẹ. Àwọn ará Muṣin fúnra wọn a máa wí pé láti ara igi iṣin ni ìlú wọn ti gba orúkọ, Ìdí-Àràbà sì ń jẹ́ orúkọ igi àràbà títí di òní. Igi ti lọ, orúkọ ni ó kù. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nítòsí Yaba yìí gan-an, ní Èbúté-Mẹ́ta, ni Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìdánwò irúgbìn sílẹ̀ sí ní ọdún 1887, láti máa tọ́ igi àti ohun ọ̀gbìn tí ó lè ṣe ilẹ̀ Èkó ní àǹfààní, kí a sì máa pín in fún àwọn àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wí pé ilẹ̀ yìí kò yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀.

Ìbàdàn ni a ti wá fi ìmọ̀ tòótọ́ kún ohun tí àwọn baba mọ̀. Ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tí a ń pè ní IITA ni a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1967. Kí ọdún 1980 tó dé, ọ̀mọ̀wé B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbin igi kéékèèké ní ìlà-ìlà sínú oko àgbàdo, tí ìlà kan sì jìnnà sí èkejì ní ìwọ̀n mítà 4. Wọ́n ń gé orí igi wọ̀nyí lóòrèkóòrè kí ó má ṣíji bo àgbàdo, ewé rẹ̀ sì ń di ajílẹ̀. Igi tí wọ́n yàn jẹ́ ti ìdílé ẹ̀wà. Lára gbòǹgbò irú igi bẹ́ẹ̀ ni kókó kéékèèké máa ń wà, nínú kókó náà sì ni àwọn ohun alààyè tí ojú kò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń mú agbára tí ewéko fi ń dàgbà láti inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń fi í fún igi. Nítorí náà ni ewé wọn fi lọ́ràá ju koríko lọ.

Àwọn mìíràn tún wà ní Ìbàdàn nígbà náà, ìyẹn ẹ̀ka ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn ti ilẹ̀ Áfíríkà, ILCA, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Addis Ababa láti ọdún 1974. Àwọn wọ̀nyí wo ewé tí a ń dà sílẹ̀, wọ́n sì béèrè pé, èé ṣe tí a kò fi apá kan fún ewúrẹ́ jẹ? Láàárín ọdún 1980 sí 1990 wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ dán an wò. Fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré, wọ́n ṣe ọgbà kékeré kan tí kò sí àgbàdo nínú rẹ̀ rárá, igi oúnjẹ ẹran ní ìlà, koríko láàárín. Ọgbà kékeré yìí gan-an ni ó yẹ fún Muṣin, ó sì ṣeni láàánú pé láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí ìròyìn rẹ̀ kò tí ì rin ìrìn àjò láti Ìbàdàn dé Èkó.

Nínú igi méjì tí wọ́n lò jù lọ, èyí tí ó yẹ ará Èkó ni agúnmaníyè, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Gliricidia. Mẹ́síkò àti àárín Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Níbẹ̀ ni àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì ti ń pè é ní ìyá kòkó, nítorí abẹ́ òjìji rẹ̀ ni wọ́n ń gbin kòkó sí. Wọ́n sì tún ń po ewé àti èèpo rẹ̀ mọ́ ọkà láti fi pa eku, ohun tí orúkọ Látìn rẹ̀ túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Kí èyí má ṣe dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ń jẹ ẹ́, ó sì ń ṣe wọ́n lóore. Ẹṣin ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Òórùn ewé náà ni ó lè mú kí ewúrẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí a bá gé e ní ìrọ̀lẹ́ tí a fi í sílẹ̀ kí ó rọ di òwúrọ̀, òórùn náà yóò dínkù, ẹran yóò sì gbà á.

Igi kejì ni Leucaena. Ewé tirẹ̀ dùn lẹ́nu ẹran ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n májèlé kan wà nínú rẹ̀ tí ń mú kí irun re lára ẹran tí ó bá ń jẹ ẹ́ ní àjẹjù, nítorí náà kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ó tún ní ìwà kan tí kò dára: ó ń so púpọ̀, èso rẹ̀ a sì máa hù níbi tí a kò gbìn ín sí. Ní ìlú tí ilẹ̀ há mọ́ ènìyàn, ta ni ó fẹ́ igi tí ń bímọ kiri? Agúnmaníyè sàn jù.

Bí a ó ti gbìn ín kò le. Ẹ̀ka tí ó ti gbó, tí ó nípọn ju àtàǹpàkò lọ, tí ó gùn tó mítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ni a ó gé, a ó gé ìdí rẹ̀ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, a ó sì rì í sínú ilẹ̀ bí ọwọ́ ènìyàn ti gùn láti ìka dé ọrùn ọwọ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Yóò rú. Ẹni tí ó bá rí irúgbìn rẹ̀ kí ó gbin irúgbìn, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa jìn ju ti ẹ̀ka lọ, kì í sì í tètè wó.

Láàárín ìlà, kí a gbin koríko gíga tí àwọn òyìnbó ń pè ní guinea grass, nítorí pé ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti mú un lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ń fara da òjìji díẹ̀. Eèsún náà dára, ṣùgbọ́n oòrùn ni ó fẹ́. Etí ìlà tí igi kò bò ni ààyè rẹ̀. Ìtàkùn ẹlẹ́wà tí àwọn olóko ọ̀pẹ àti olóko rọ́bà ń gbìn sí abẹ́ igi wọn láti bo ilẹ̀, bíi Pueraria àti Centrosema, lè wà pẹ̀lú koríko náà, ẹran a sì máa jẹ ẹ́. Àwọn tí ó bá ń ra àgbò nígbà Iléyá ti mọ irú oúnjẹ yìí láìmọ̀: ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, tí a ń dì ní ìdì-ìdì wá láti òkè ọya, ti ìdílé kan náà ni. Owó gọbọi ni a ń san fún ohun tí a ìbá gbìn sí ẹ̀bá odi.

Kí a sọ òtítọ́ síbẹ̀: ìlà igi kan ní ẹ̀yìnkùlé kò lè bọ́ agbo. Ewúrẹ́ kan tí ó wúwo tó kílò 20 yóò jẹ ju kílò 2 ewé tútù lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ewé igi kò ní láti jẹ́ gbogbo oúnjẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe gàrí. Kí a sá a sínú oòrùn, nítorí májèlé inú rẹ̀ tí ń pa ẹran nígbà mìíràn a máa dínkù bí ó bá gbẹ. Èèpo yìí ní agbára, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ń mọ ẹran ara. Òun ni òkèlè, ewé igi ni ọbẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹ èbà láìsí ọbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ojú rẹ̀ yóò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ rí.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti ń ṣe èyí. Ní ilẹ̀ òtútù tí òjò kò pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ti àríwá, afẹ́fẹ́ líle gbá erùpẹ̀ oko lọ ní àwọn ọdún 1930 títí ọ̀sán fi ṣú bí òru. Láti ọdún 1934 sí 1942 ni Ìjọba wọn gbin igi tí ó ju igba mílíọ̀nù lọ láti North Dakota títí dé Texas, kí igi náà lè máa dá afẹ́fẹ́ dúró. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń gbin koríko àti ewéko kan tí ń jẹ́ lucerne, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ jìnnà wá omi, sí ẹ̀gbẹ́ àti àárín ìlà igi. A ó gé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, a ó sá a, a ó sì kó o pamọ́ de ìgbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀. Ohun tí yìnyín jẹ́ fún wọn ni ọ̀gbẹlẹ̀ jẹ́ fún wa. Ní òkè ọya tiwa, igi gawo ṣe ohun tí igi mìíràn kì í ṣe: ó ń wọ́wé nígbà òjò, kò sì dí oòrùn lọ́wọ́ ọkà tí a gbìn sí abẹ́ rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń rúwé, tí màlúù sì ń jẹ ewé àti èso rẹ̀.

Bí ọ̀nà náà bá dára tó báyìí, èé ṣe tí kò fi tàn kálẹ̀ láti ẹ̀bá Ọ̀yọ́? Ìdí kan ni iṣẹ́. Àkókò tí ó yẹ kí a gé orí igi ni àgbẹ̀ ń ro oko, bí kò bá sì gé e, igi yóò bo àgbàdo. Èyí kò kan ará Yaba, tí kò ní àgbàdo kankan tí igi yóò bò.

Ìdí kejì kàn án gidigidi. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí a fún ní ilẹ̀ dáko, tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Igi ni a kì í fẹ́ kí ó gbìn. Igi a máa pẹ́ nílẹ̀, ẹni tí ó gbìn ín a sì máa di ẹni tí ó ṣòro láti lé. Onílẹ̀ mọ èyí, nítorí náà ó ń fi ojú burúkú wo ẹnikẹ́ni tí ó bá ri igi mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Obìnrin ni ó sì ní ewúrẹ́ púpọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ jẹ́ ti ọkọ tàbí ti ẹbí ọkọ. Ẹni tí ó ní ẹran kò ní ilẹ̀, ẹni tí ó ní ilẹ̀ kò sì bìkítà fún ẹran. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ Ìbàdàn dúró sí.

Ní Muṣin ó tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ayálégbé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn, nínú ilé tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé. Onílé tí ó bá rí ayálégbé rẹ̀ tí ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀bá odi yóò rò pé ó fẹ́ gba ilé ni. A kò lè dá a lẹ́bi pátápátá, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ ní Èkó kò ṣe é fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò ju ohun tí ìwé kékeré kan lè yanjú lọ. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì pé igi oúnjẹ ẹran kì í ṣe igi ogún. Pé ewé nìkan ni ti ẹni tí ó gbìn ín. Pé ní ọjọ́ tí ó bá kó jáde, igi di ti onílé láìsí àríyànjiyàn. Kí ni onílé pàdánù níbẹ̀? Ọgbà tí ń rúwé ni ó gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ewúrẹ́ tí ń su sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ènìyàn sì ti wọlé. Àwọn alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn tí ilẹ̀ wọn gbòòrò ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe é, nítorí a kò lè fura sí wọn pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ ara wọn. Kí wọ́n fún àwọn ìyá arúgbó àdúgbò ní ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀bá ọgbà, kí wọ́n sì máa wò ó bí ó bá ti ń rí.

Àwọn kan yóò wí pé koríko ń kó ẹ̀fọn àti ejò wá. Ẹ̀fọn kì í yé sínú koríko, inú omi ni ó ń yé sí. Kí wọ́n lọ wo gọ́tà iwájú ilé wọn. Eku ni ejò sì ń tẹ̀ lé, orí ààtàn sì ni eku pọ̀ sí. Koríko tí a ń gé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà kò ní ààyè fún èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni ìgbẹ́ ẹran: kí a rì í mọ́lẹ̀ láàárín ìlà, kí ó sì jìnnà sí kànga. Kí a sì rántí pé oúnjẹ rere kò ní kí a má gún ẹran ní abẹ́rẹ́ àrùn kata, nítorí kata kì í bojú wo ẹran tí ó sanra.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó wá ẹ̀ka agúnmaníyè nínú Oṣù Kẹta, kí ó sì rì í nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti wọlé dáadáa. Kí ó má ṣe gé ewé rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún kan, bí ó ti wù kí ebi pa ewúrẹ́ tó. Láti ọdún kejì, kí ó máa gé e dé orúnkún tàbí ìbàdí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ nígbà òjò, kí ó sì jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gígé ti Oṣù Kẹwàá ni kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí igi tí a kò gé yóò wọ́wé nígbà ọyẹ́, yóò sì tanná. Èyí tí a gé yóò máa rúwé titun nígbà tí gbogbo koríko ìgboro ti gbẹ. Kí ó so ewé náà ní ìdì, kí ó sì fi í kọ́ sókè ara ògiri agbo, nítorí ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ohun tí ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀.